Ẹsẹ̀ Àlejò àti Ewéko Ẹ̀bá Ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá wọ inú igbó tí ìlú tàbí ìjọba dá sí, òkè ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á máa wá ọ̀bọ lórí igi, wọ́n á máa wo bí àràbà ṣe ga tó. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò. Mo fẹ́ kí a wo ọ̀nà tóóró tí à ń tọ̀ gan-an, àti ìwọ̀n mítà méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwa àlejò ti ń ṣe iṣẹ́ tí a kò mọ̀ pé à ń ṣe. Ẹsẹ̀ wa ló ń yan ewéko tí yóò dúró níbẹ̀ àti èyí tí yóò lọ.

Nígbà tí mo bá sọ pé àwùjọ ewéko, gbogbo ewéko tó ń gbé pọ̀ lójú kan ni mo ní lọ́kàn: igi ńlá, igi kéékèèké, ìtàkùn, ewé ilẹ̀, koríko, àti ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Gbogbo wọn ló jọ ń pín oòrùn, omi àti ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá kúrò, àyè rẹ̀ kì í ṣófo pẹ́ kí òmíràn tó gbà á. Nítorí náà, kò tó kí a béèrè pé ewéko mélòó ló kú. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ni pé: èwo ló kú, èwo ló sì gba ipò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, kí a bẹ̀rẹ̀ láti àárín rẹ̀, kí a máa sún sí ẹ̀gbẹ́. Àárín gbùngbùn, ilẹ̀ lásán ni. Ó le, ó ń dán, òjò ti fọ̀ ọ́ títí gbòǹgbò igi fi yọ síta. Ẹ sún díẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá ń dé ibẹ̀, gbẹ́gi lẹ máa kọ́kọ́ rí, koríko tó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀, tí ìdí rẹ̀ funfun, tó sì ṣòro láti fà tu. Patanmọ́ náà lè wà níbẹ̀, á máa rá pálá, á sì máa pa ewé dé bí bàtà bá kàn án. Bí ẹ bá tún sún díẹ̀, ẹ ó rí òṣépòtu, abẹ́rẹ́ olóko, àti ewé akíntọ́lá tó ga tó èjìká ènìyàn. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni igbó gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewé gbodogi àti ewé eéran wà, ibẹ̀ ni tètèrègún wà, ibẹ̀ ni rinrin ti ń hù nínú òjìji tútù, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ igi tí kò tíì ga dé orúnkún ti ń dúró de ọjọ́ tí igi àgbà kan yóò wó kí oòrùn lè kan òun náà.

Ní ọdún 1935, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ G. H. Bates tẹ ìwádìí jáde lórí ewéko ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ti ẹnu ọ̀nà oko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Koríko ilẹ̀ òtútù ni koríko tirẹ̀, igi tirẹ̀ kì í sì í ṣe igi tiwa, ṣùgbọ́n ètò tó rí kò yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ yìí: ewéko àárín ọ̀nà kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ tó yí i ká. Kárí ayé ni ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí gbẹ́gi fi ń fara da ohun tó ń pa rinrin? Ẹ fa gbẹ́gi kan tu, kí ẹ fi èékánná ya ìdí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ibi tí koríko ti ń dàgbà wà nísàlẹ̀, ní ìdí ewé, níbi tó ti fẹ́ẹ̀ wọnú ilẹ̀. Bí bàtà bá fọ́ orí ewé náà, tàbí bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, ìsàlẹ̀ ni yóò tún ti yọ. Rinrin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Igi rẹ̀ kún fún omi, ó mọ́ gaara débi pé ojú ẹni lè fẹ́rẹ̀ẹ́ là á já, orí ṣóńṣó rẹ̀ ló sì ti ń dàgbà. Ẹ fi ìka méjì tẹ igi rinrin, á kán lójú ẹsẹ̀, omi á sì jáde. Bàtà ẹnì kan ṣoṣo ti tó láti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí kò ní ju ewé méjì tàbí mẹ́rin lọ, wà nínú ewu kan náà. Orí kan ni ó ní. Bí orí yẹn bá kán kí gbòǹgbò rẹ̀ tó jinlẹ̀, ó ṣòro kó tún rí agbára láti yọ òmíràn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí tó lágbára àti èyí tí kò lágbára lọ. Àwọn onímọ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni ìfaradà: báwo ni ewéko ṣe lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó kó tó bàjẹ́? Èkejì ni ìpadàbọ̀sípò: bó bá ti bàjẹ́, báwo ni yóò ṣe yára hù padà tó? Ewéko kan lè kùnà nínú ti èkíní kó sì yege nínú ti èkejì. Ewé rírọ̀ kan tó dúró ṣánṣán lè wó lọ́jọ́ kan, kí iṣu tàbí gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ sì tún tú u jáde nígbà òjò tó ń bọ̀. Àwọn igi kéékèèké tí ẹ̀ka wọn gan ní tiwọn lè gba ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ kí ó tó hàn lára wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka wọn bá ti kán tán, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sípò. Ojú máa ń tan ènìyàn lórí irú àwọn wọ̀nyí. A ó rí wọn tí wọ́n ṣì dúró, a ó sì rò pé kò sí nǹkan.

Ewé ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti wúwo jù. Nínú ilẹ̀ igbó tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀, ó sún mọ́ ìdajì àyè inú ilẹ̀ náà tó jẹ́ kìkì àlàfo, níbi tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbé. Ekòló ló ń gbẹ́ àwọn ihò kan níbẹ̀, ikán ló ń gbẹ́ àwọn mìíràn, gbòǹgbò tó ti jẹrà náà sì ń fi ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ rántí búrẹ́dì tuntun tí ẹnì kan jókòó lé nínú ọkọ̀: ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò dín, ìwúwo rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n gbogbo ihò inú rẹ̀ ti pòórá. Ohun tí ẹsẹ̀ wa ń ṣe fún ilẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ihò náà bá ti pa, omi òjò kì í rí ọ̀nà wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ kì í dé ìdí gbòǹgbò, ọ̀mùnú gbòǹgbò tó rọ̀ kì í sì í lè gún ilẹ̀ náà já.

Ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Nínú igbó wa, ewé ń rẹ̀ sílẹ̀ jálẹ̀ ọdún, ó sì ń pọ̀ sí i nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bàtà á máa rún ewé wọ̀nyí wẹ́wẹ́, àgbàrá á sì gbá wọn lọ. Ilẹ̀ á wá wà ní ìhòòhò. Kò sí ohun tí yóò gba agbára ẹ̀kán òjò mọ́ kó tó kan erùpẹ̀, kò sí ohun tí ọ̀kùn àti olú yóò jẹ kí wọ́n tó dá oúnjẹ padà sílẹ̀ fún igi. Hóró igi tó bá já bọ́ síbẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́, tàbí kí omi gbé e lọ.

Láti ibi tí omi kò ti rí ilẹ̀ wọ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì púpọ̀. Omi tí kò wọlẹ̀ á dúró lójú ọ̀nà, á di ẹrẹ̀. Àlejò tó wọ bàtà funfun kò fẹ́ tẹ ẹrẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹ orí ewé gbodogi kọjá. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ibi tí ẹni iwájú gbà, òun náà gba ibẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ibẹ̀ náà ti di ẹrẹ̀, àwọn èrò sì ti ń yà sí iwájú sí i. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀nà tó jẹ́ ìdajì mítà lè fẹ̀ di mítà mẹ́ta láìsí ẹnikẹ́ni tó fi àdá kan igi kankan. Bí ọ̀nà bá sì ti fẹ̀, ewé àwọn igi òkè kì í pàdé lórí rẹ̀ mọ́, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jálẹ̀. Ewéko tí òjìji ń tọ́ á gbẹ, àwọn tó ń fẹ́ oòrùn á sì rí ẹnu ọ̀nà wọlé.

Àwọn tó ń wọlé yìí kì í dédé wá. Àwa là ń kó wọn wá. Abẹ́rẹ́ olóko ní hóró tí orí rẹ̀ ní ẹ̀gún kéékèèké tó ń kọ́ aṣọ. Èèmọ́ ń lẹ̀ mọ́ etí ṣòkòtò. Hóró àwọn koríko mìíràn kéré débi pé wọ́n ń bá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà rìn. Ènìyàn lè kó wọn láti ibi ìgbọ́kọ̀sí wọ àárín igbó, kó sì gbọn wọ́n sílẹ̀ níbi tó jókòó sí láti mu omi. Ewé akíntọ́lá tó ti di ará ilé lóko wa báyìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó wọ Nàìjíríà, nígbà tí hóró rẹ̀ bá hóró igi mẹ́lánà tí wọ́n kó wá láti fi gbin igbó ìjọba wọlé. Lónìí, ibi gbogbo tí igbó bá ti là, tí oòrùn sì ti dé, ó ti dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé hóró rẹ̀ jù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yẹn ń bá wọlé. Lábẹ́ òjìji tó dí, akíntọ́lá kì í lè ṣe nǹkan kan.

Mo wá dé ibi tí ẹ̀kọ́ yìí gbé wà, èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ dì mú bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà náà ni ìbàjẹ́ ń pọ̀ sí i, pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ba igbó jẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ọgọ́rùn-ún yóò bà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

David Cole, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àìgbé ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Neil Bayfield láti ilẹ̀ Scotland, ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní ọdún 1993 tí àwọn olùwádìí fi lè ṣe àyẹ̀wò ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Wọ́n á sàmì sí àwọn ọ̀nà tóóró lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìdajì mítà, ó sì gùn tó mítà kan àbọ̀. Wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ènìyàn á rin èkejì ní ìgbà 25, ẹ̀kẹta ní ìgbà 75, ẹ̀kẹrin ní ìgbà 200, ẹ̀karùn-ún ní ìgbà 500. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á padà wá wo iye ewéko tó ṣì bo ilẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan wọ́n á tún padà wá. Ní ọdún 1995, Cole tẹ èsì irú àyẹ̀wò yìí jáde lórí oríṣi àwùjọ ewéko 18 ní àwọn agbègbè olókè mẹ́rin nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tó hàn ni pé ìrìn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń mú ìbàjẹ́ púpọ̀ wá, lẹ́yìn náà, ìrìn púpọ̀ á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ó tún hàn pé àwùjọ kan yàtọ̀ sí èkejì gidigidi. Ibi tí ewéko tó ní ewé bí ìyẹ́ ẹyẹ pọ̀ sí nínú òjìji, ìrìn díẹ̀ péré ló pa á lára. Ibi tí koríko tó sùn mọ́lẹ̀ bò, ó gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìrìn kó tó hàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 500 fẹ́ gba inú igbó kan kọjá lọ sétí odò. Bí gbogbo wọn bá tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan, ojú ọ̀nà kan yẹn yóò bàjẹ́ pátápátá, kò ní sí ewé kan lórí rẹ̀. Bí olùkọ́ wọn bá wá sọ pé kí ilẹ̀ má baà bàjẹ́, kí wọ́n fọ́nká sí ojú ogún, ìrìn 25 ni yóò bọ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan. Láàárín ewé rírọ̀ inú òjìji, ìrìn 25 ti tó láti wó èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Dípò ojú ọ̀nà kan tó bàjẹ́ tán, ogún ojú tó bàjẹ́ gan-an ni a ó ní. Inú rere ni olùkọ́ náà fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n igbó ló jẹ gbèsè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà gbọ́ pé ọ̀nà tí ilẹ̀ rẹ̀ ti le, tí kò ní ewé kankan, kì í ṣe ìtìjú fún igbó. Ilẹ̀ tí a ti fi rúbọ ni, kí ìyókù lè yè. Ojú àpá tuntun tó ń yà kúrò lára rẹ̀ ni kí ó máa kọ wá lóminú. (Ọ̀tọ̀ ni ti aginjù tí ènìyàn bíi mélòó kan péré ń dé lọ́dún, tí koríko líle sì bò. Níbẹ̀, kí wọ́n má tọ ipasẹ̀ ara wọn lè sàn ju kí wọ́n lànà. Àwọn igbó wa tó wà létí ìlú kò sí nínú irú èyí.)

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára igbó ńlá àtayébáyé ní gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1965 ni ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kó lè gba gbogbo igbó náà, ní 2005 ni àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ogún gbogbo ayé. Àwọn tó ka ewéko inú rẹ̀ sọ pé ó lé ní oríṣi 400, àti pé ó lé ní 200 nínú wọn tí a mọ̀ fún oògùn. Láyé òyìnbó amúnisìn, wọ́n gé apá kan igbó yìí, wọ́n gbin tíìkì síbẹ̀, wọ́n sì dáko. Susanne Wenger, òyìnbó ayàwòrán tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn aworo àti àwọn ayàwòrán tó kó mọ́ra, ló dìde sí ọ̀rọ̀ náà, tí igbó fi wà títí dòní.

Lóṣù Ògúsì, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń tẹ̀lé Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ Ọ̀ṣun, lọ sétí odò. Ẹ fi ohun tí a ti kọ́ wò ó. Òjò oṣù kẹfà àti keje ti rin ilẹ̀ náà gbingbin, ilẹ̀ tútù sì ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ mọ́ra jù. Bí ọ̀pọ̀ èrò bẹ́ẹ̀ bá tú ká sínú igbó, ìpalára rẹ̀ kò ní kéré. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún náà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó ní ibi ìpéjọ tirẹ̀, ibi kan náà ni ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó ń retí pé kí rinrin hù ní iwájú ojúbọ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Èèwọ̀ ń ṣe ìyókù iṣẹ́ náà. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gé igi, àwọn ojúbọ kan sì wà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń wọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn ilẹ̀ mìíràn ń fi owó ìtanràn àti ẹ̀ṣọ́ wá, ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti ọ̀wọ̀ fún òrìṣà ti ń ṣe é ní Òṣogbo láti ìgbà pípẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àlejò ọjọ́ lásán, tó fẹ́ ya fọ́tò lẹ́yìn ère, tó yà kúrò lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, tí ẹni kejì sì rí ipasẹ̀ rẹ̀.

Ní Lẹ́kìí, lẹ́bàá Èkó, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n ta. Ọgbà igbó tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1990 fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, àbàtà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ilẹ̀ àbàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì, ibi tó rì sí kì í sì í tètè dí. Wọ́n wá fi pákó ṣe afárá tó ga díẹ̀ sí ilẹ̀, kí àlejò máa gba orí rẹ̀ lọ. Lábẹ́ pákó náà omi ń ṣàn bó ṣe ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Ní 2015 wọ́n tún ṣí afárá tó gba òkè láàárín orí igi, tó gùn ní mítà 401. Ọ̀pọ̀ ènìyàn torí ìbẹ̀rù àti ayọ̀ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọjá lórí rẹ̀, kò sì sí èyí tó tẹ ọmọ igi kan níbẹ̀. Pákó kò wà láìní ìnira tirẹ̀. Ó ń dá òjìji sórí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹrà, ó ń fẹ́ owó àtúnṣe lóòrèkóòrè. Bí pákó kan bá sì ti já, àlejò á sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á tún di ti ẹrẹ̀.

Lára ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti tètè di ariwo ni California, lábẹ́ àwọn igi redwood, igi tó ga jù láyé. Ní ọdún 1928, E. P. Meinecke, onímọ̀ nípa àìsàn igi, kọ ìjábọ̀ kan lórí ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ń ṣe sí àwọn igi náà. Àwọn igi yìí ga gan-an, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn kì í jinlẹ̀, ṣe ni ó ń tẹ́ lọ nítòsí òkè ilẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹsẹ̀ ń kì mọ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà tún padà wá. Ní 2006 wọ́n rí igi kan níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Hyperion, ó ga ju mítà 115 lọ, kò sì sí ọ̀nà kankan tó dé ìdí rẹ̀. Wọn kò sọ ibi tó wà fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì tú àṣírí náà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tiwọn. Nígbà tó fi máa di 2022, àwọn alábòójútó ọgbà náà sọ pé ewéko tó máa ń bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kò hù mọ́ nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Wọ́n ti ibẹ̀ pa: ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀ lè san tó dọ́là 5,000, ó sì lè lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn àlejò wọ̀nyẹn tó fẹ́ ṣe igi náà ní jàǹbá. Ìfẹ́ igi ló gbé wọn débẹ̀.

Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fi igi àgbà wọn ìlera igbó. Ìrókò tó ti lo igba ọdún kò ní kú nítorí pé ẹ tẹ ìdí rẹ̀ lọ́dún yìí. Yóò dúró, yóò ṣì máa so, àlejò yóò ṣì máa ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wá gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká tí a kò rí ọmọ ìrókò kan, tí a kò rí ọmọ àfàrà tàbí ti arère kan, àgàn ni a ti sọ igbó náà, bó tilẹ̀ ṣì ga tó sì tutù lójú.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí gbogbo èyí láìná owó púpọ̀. Ẹ wá igbó kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwé tàbí lẹ́bàá oko, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ má lọ ṣe é nínú igbó òrìṣà tàbí nínú ọgbà tí wọ́n ń dáàbò bò. Ẹ fi igi mẹ́rin àti okùn ṣe onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Ẹ tẹ́ ẹ sí àárín ọ̀nà, kí ẹ kọ oríṣi ewéko tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fojú díwọ̀n ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ni ewé bò, kí ẹ sì ka ọmọ igi tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sí etí ọ̀nà, ẹ gbé e sí mítà mẹ́ta sínú igbó, ẹ tún gbé e sí mítà mẹ́wàá. Ojú kan ni kí gbogbo yín gbà wọlé, ojú kan náà ni kí ẹ gbà jáde, kí àyẹ̀wò yín má baà di ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mìíràn.

Ẹ wá mú agolo mílíìkì tí ẹ ti gé orí àti ìdí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ bu omi kún un, kí ẹnì kan máa wo aago. Nínú igbó tí ẹsẹ̀ kì í dé, omi náà kì í pẹ́ wọlẹ̀. Ní àárín ọ̀nà, ẹ lè jókòó tì í pẹ́, kó ṣì kù nínú agolo. Ẹ kọ àkókò méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ewéko tí ẹ kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí nọ́ńbà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ní nílò kí olùkọ́ tún ṣàlàyé fún un ìdí tí gbẹ́gi fi wà níbì kan tí gbodogi sì wà níbòmíràn.

Bí ẹ bá ti ọ̀nà kan pa kí ó lè sinmi, ẹ má retí pé ohun tó kú ni yóò kọ́kọ́ padà. Nílẹ̀ olójò bí tiwa, ewé á tètè bo ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ewéko arìnrìn-àjò, bí òṣépòtu àti akíntọ́lá, ni yóò kọ́kọ́ dé. Ilẹ̀ tó ti kì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ekòló àti gbòǹgbò tó tún gbẹ́ ihò sínú rẹ̀. Ẹ lè ràn án lọ́wọ́ bí ẹ bá fi ọkọ́ tú ojú ilẹ̀ náà díẹ̀, tí ẹ kó ewé gbígbẹ bò ó, tí ẹ sì gbé ẹ̀ka igi dí ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má baà padà síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Òṣogbo, sí Lẹ́kìí, tàbí sí igbó èyíkéyìí tí wọ́n dá sí, mo bẹ̀ yín: ẹ wọ bàtà tí ẹrẹ̀ kò ní bà jẹ́, kí ẹ sì gba àárín ẹrẹ̀ kọjá. Ẹ gbọn bàtà àti etí ṣòkòtò yín kí ẹ tó wọlé. Ẹ tẹ̀lé ara yín, ẹ má tò ní ẹ̀gbẹ́ ara yín. Bí ẹ bá sì rí ipasẹ̀ ẹnì kan tó yà lọ sínú igbó, ẹ má tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso àwọn igbó náà, kí ẹ tó gbé pátákó ìkìlọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń dúró sí lójú ọ̀nà, kí ẹ la kòtò fún un, kí ẹ kó òkúta tàbí pákó sí i. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń yà.